Ọparun wa ti wọ ilẹ̀ aládùúgbò ní Fairfax: kí ni òfin sọ, báwo la sì ṣe ń dá a dúró?

Onílé_Annandale

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Annandale nílé wa wà, ní kántì Fairfax, ìpínlẹ̀ Virginia. Ọparun wà lẹ́yìn ilé kí a tó rà á. Ó gba bíi ẹsẹ̀ bàtà 30 lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì, ìbú rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Láti oṣù kẹrin ni ọmọ rẹ̀ ti ń yọ láàárín koríko ẹni tó múlé tì wá lẹ́yìn. Bàbá náà kò bá wa jà, ṣùgbọ́n ó ní bí a kò bá wá nǹkan ṣe sí i, òun máa fẹjọ́ sun kántì. Lápá ọ̀tún ẹ̀wẹ̀, ọparun ilé ẹlòmíràn ló ń wọlé wá bá àwa náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀:

1. Ṣé òfin wà lóòótọ́, ṣé dandan sì ni kí a hú gbogbo rẹ̀? Ìyàwó mi fẹ́ kí díẹ̀ kù, torí òun ni kì í jẹ́ kí àwọn ará ẹ̀yìn máa wo inú ilé wa.
2. Bí a bá máa ri nǹkan mọ́lẹ̀ kí ó má baà kọjá, kí ni ká rì, báwo ló sì ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó?
3. Ṣé oògùn koríko lè pa á?
4. Ti apá ọ̀tún yẹn, ṣé a lè wọ ọ̀dọ̀ wọn lọ gé e níbi tó ti ń wá?

Lọ́yà_Ààlà

Òfin wà. Orí 119 nínú ìwé òfin kántì Fairfax ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023. Ìpínlẹ̀ Virginia ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn ní 2017, nínú abala 15.2-901.1 ti òfin ìpínlẹ̀, pé kántì tàbí ìlú tó bá wù lè ṣe òfin tirẹ̀ lórí ọparun tí ń sá kiri, ìyẹn irú tí gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lọ jìnnà lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ fi “tó bá wù” yẹn sọ́kàn. Ẹni tó bá sọdá sí kántì mìíràn lè bá a pé kò sí òfin kankan níbẹ̀, tàbí pé tibẹ̀ le ju èyí lọ, nítorí náà ẹ má fi ohun tí ọ̀rẹ́ yín tó ń gbé níbòmíràn sọ dájọ́ ara yín.

Ohun tí òfin Fairfax wí kò pọ̀. Kò ní kí ẹ má gbin ọparun, kò sì ní kí ẹ hú èyí tó wà nílẹ̀. Ó ní kí ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì ká a lọ́wọ́ kò kí ó má baà ti ilẹ̀ yín kọjá sí ilẹ̀ ẹlòmíràn tàbí sí ilẹ̀ ìjọba lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ìyàwó yín lè ní díẹ̀ tiwọn. Pé ẹlòmíràn ló gbìn ín kò gbà yín sílẹ̀ o. Ẹni tó ni ilẹ̀ lónìí ni kántì ń kọ̀wé sí. Ẹ má sì fọkàn sí i pé ẹ máa padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín, torí ní Virginia, ọrùn ẹni tó ń rà ni ẹrù yíyẹ ilé àti ilẹ̀ wò wà kó tó fọwọ́ sí ìwé.

Bí bàbá yẹn bá fẹjọ́ sùn, ọ̀dọ̀ Department of Code Compliance ni yóò dé, ìyẹn ẹ̀ka kántì tó ń rí sí i pé a pa òfin mọ́. Wọ́n á rán ẹni wá wò ó. Bó bá jẹ́ òótọ́, ìwé ìkìlọ̀ á tẹ̀lé e pẹ̀lú gbèdéke tí ẹ gbọ́dọ̀ fi tún un ṣe. Ẹni tó bá kọ etí ikún sí i ni owó ìtanràn ń bá: dọ́là 50 ní ìgbà àkọ́kọ́, dọ́là 200 fún èyí tó bá tún tẹ̀lé e, kò sì lè ju dọ́là 3,000 lọ láàárín oṣù 12.

Kì í ṣe owó yẹn ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Kóòtù ni. Ní 2007, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Virginia dá ẹjọ́ Fancher v. Fagella, Fairfax níbẹ̀ náà lọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Gbòǹgbò igi ẹnì kan ló wọ abẹ́ ilé ẹnì kejì, tó ń ba ògiri àti páìpù jẹ́. Kóòtù ní bí ohun ọ̀gbìn ẹni bá ń ṣe ilé ẹlòmíràn ní jàǹbá gidi, tàbí tí jàǹbá náà ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀, onítọ̀hún lè gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní kóòtù. Ewé tó ń já bọ́ tàbí òjìji igi lásán kò tó. Àmọ́ ọparun tó bá gbé bíríkì pátíò sókè tàbí tó yọ lábẹ́ dẹ́ẹ̀kì ti kúrò ní ọ̀rọ̀ dọ́là 50.

Ìbéèrè yín kẹrin: rárá. Ohun tó bá ti wọ ilẹ̀ yín, ẹ lè gé e, ẹ lè hú u, títí dé ààlà. Ẹsẹ̀ kan kọjá ààlà láìgbàṣẹ, ẹ̀yin ni ẹ jẹ̀bi. Kí ẹ sì tó máa pe ibì kan ní ààlà, ẹ mú ìwé sọ́fè jáde. Fẹ́ǹsì kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ fẹ́ǹsì ló wọnú ilẹ̀ onílé rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì, tí ọparun tí ẹni náà ń pè ní ti aládùúgbò sì jẹ́ tirẹ̀ gan-an.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ya fọ́tò ibi tí ọmọ rẹ̀ ti yọ, kí ọjọ́ hàn lórí rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí bàbá náà: ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, oṣù tí ẹ máa ṣe é, àti pé ẹ ń tọrọ àyè láti wọlé hú èyí tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí wọ́n fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá ní ẹgbẹ́ onílé àdúgbò, ìyẹn HOA, ẹ ka ìwé wọn pẹ̀lú; tiwọn lè le ju ti kántì lọ.

Olóko_Ẹ̀yìnkùlé

Lọ́yà ti yanjú ti òfin. Kí ẹ tó náwó, ẹ mọ irú tó wà lẹ́yìn ilé yín, torí irú tí ń sá nìkan ni òfin yẹn ń bá wí. Ẹ di igi kan mú lókè ibi tí ẹ̀ka ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò tọ́ ọ láti oríkèé kan dé èkejì. Bí ẹ bá rí ibi tó jìn wọnú tẹ́ẹ́rẹ́, tó lọ gbọọrọ, tí ẹ̀ka méjì sì jáde lójú oríkèé kan náà, tí ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ, Phyllostachys nìyẹn, ìdílé tí òfin dárúkọ. Bí ibi tó jìn wọnú yẹn bá pupa rúsúrúsú bí ẹyin adìyẹ nígbà tí ara yòókù jẹ́ àwọ̀ ewé, tí igi mélòó kan sì wọ́ kọ́lọkọ̀lọ nísàlẹ̀, P. aureosulcata ni. Bí oríkèé bá fún mọ́ra wọn nítòsí ilẹ̀, P. aurea ni. Méjèèjì ló wọ́pọ̀ lágbègbè yín.

Bó ṣe ń rìn nìyí. Gbòǹgbò tí ń sá yẹn kì í jìn. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà láàárín íǹṣì 12 àkọ́kọ́, ó sì ṣọ̀wọ́n kó kọjá 18. Ní oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ni ọmọ ń yọ, tí yóò ga dé ibi tó máa ga dé láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, lẹ́yìn èyí kò ní ga mọ́, kò sì ní sanra mọ́. Láti ìparí ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó wọ ìgbà tí ewé ń wọ́ ni gbòǹgbò ń sá lábẹ́ ilẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 5 lọ́dún kì í ṣe tuntun, ó sì lè ṣe 15 níbi tí ilẹ̀ bá rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin fi ń rí ọmọ ní oṣù kẹrin: ìrìn àjò ti ṣẹlẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Wàyí o, ohun tí ẹ máa rì mọ́lẹ̀: rọ́bà ni. HDPE ni orúkọ rẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà ní róòlù fún iṣẹ́ ọparun gan-an. Kí ó nípọn tó 60 mil ó kéré tán (mìlímítà 1.5), 80 mil dára jù fún ẹsẹ̀ bàtà 30 ọparun tó ti gbó. Kí ó fẹ̀ tó íǹṣì 30. Ẹ rì 28 mọ́lẹ̀, kí 2 yọrí sókè. Aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń dí koríko kò wúlò, ẹnu gbòǹgbò yìí mú bí abẹ́rẹ́. Páànù máa dípẹtà. Kọ́ńkéré máa sán, ibi tó bá ti sán ló máa gbà jáde.

Ẹ má rì í sórí ààlà. Ẹ gé ọparun náà sẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ bàtà 3 ó ṣí sílẹ̀ láàárín rọ́bà àti fẹ́ǹsì, torí ẹ gbọ́dọ̀ máa rí àyè rìn lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó kù fún yín á jẹ́ 30 ní 7. Yípo rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 74, pẹ̀lú 3 tí ẹ máa fi ẹnu rẹ̀ lé ara wọn, ìyẹn 77. Róòlù 100 kan tó.

Kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun, ẹ pe 811, nọ́ńbà àwọn tó ń fi ibi tí wáyà àti páìpù wà lábẹ́ ilẹ̀ hàn. Ọ̀fẹ́ ni, òfin sì ni. Wọ́n á wá fi ọ̀dà sàmì sílẹ̀: pupa fún iná, pupa rúsúrúsú fún gáàsì, àwọ̀ ọsàn fún wáyà tẹlifóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì, búlúù fún omi, àwọ̀ ewé fún páìpù ìdọ̀tí. Wáyà tàbí páìpù tí onílé fúnra rẹ̀ rì, bí ti omi tí ń bu koríko, wọn kì í sàmì sí i. Ẹ dúró kí àmì pé kí ẹ tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀.

Ẹ háyà ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ yàrà tóóró. Bí gbòǹgbò igi ńlá bá wà níbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ gbẹ́ ibẹ̀. Ẹ tò rọ́bà náà kí orí rẹ̀ dagun díẹ̀ síta, kí ó fi ọparun sílẹ̀ sẹ́yìn. Gbòǹgbò tó bá kọlù ú á gòkè, ẹ ó rí i, ẹ ó gé e. Bí ẹ bá dà á dé sínú, ìsàlẹ̀ ló máa gbà lọ, ẹ kò ní mọ̀ títí yóò fi yọ lọ́dọ̀ bàbá yẹn. Ní igun, ẹ yí i roboto. Igun tó mú ni gbòǹgbò ń kó ara jọ sí, tí wọ́n á jọ máa ti rọ́bà títí yóò fi ya.

Oríta ibi tí ẹnu méjèèjì ti pàdé ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ méjì tí kì í dípẹtà há a láàárín, kí ẹ de é ní bóòtì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí oríta yìí wà ní apá ọ̀dọ̀ yín, má ṣe jẹ́ kí ó kọjú sí fẹ́ǹsì. Bí ẹ bá ń da yẹ̀pẹ̀ padà, ẹ tẹ ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, kí ó le, kí ẹ sì fi yẹ̀pẹ̀ tó rọ̀ sí íǹṣì 12 òkè nìkan. Ọparun fẹ́ràn ilẹ̀ tó rọ̀. Bí ìsàlẹ̀ bá rọ̀, ìsàlẹ̀ ló máa bá lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kẹjọ, ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù kọkànlá. Ohun tó bá gun orí rọ́bà, ẹ gé e. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù nìyí: wọ́n á máa da ewé àti èèpo igi sí ìdí ọparun lọ́dọọdún títí yóò fi bo íǹṣì 2 tó yọrí yẹn. Láti ìgbà náà, afárá ni wọ́n ti ṣe fún un.

Akólé_Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ jọ̀ọ́, ọparun tí àwa fi ń gbé dẹ́kìn dúró níbí kì í sá báyìí. Ibi tí a bá a lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn náà ló ṣì wà. Kí ló dé?

Olóko_Ẹ̀yìnkùlé

@Akólé_Ìbàdàn, irú ọ̀tọ̀ ni, sà. Tiyín jẹ́ Bambusa vulgaris. Gbòǹgbò rẹ̀ kúrú, ó sanra, bó bá sì ti kúrò lára ìyá rẹ̀ díẹ̀ ló ti ń kọjú sókè di igi. Agbo náà ń fẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ ni. Ti Phyllostachys gùn, ó tín-ínrín, ó ń lọ gbọọrọ lábẹ́ ilẹ̀, ó kàn ń fi ọmọ sílẹ̀ lójú oríkèé bó ṣe ń lọ ni. Òtútù Virginia máa pa tiyín, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi gbìn ín níbí.

@Onílé_Annandale, ìyàwó yín tún lè yan Fargesia, irú ọparun mìíràn. Òun náà kì í sá, ó sì gba òtútù. Oòrùn ọ̀sán ló ń dà á láàmú ní Virginia, nítorí náà abẹ́ ibòji ni kí ó wà. Fargesia rufa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 10, ìyẹn sì tó láti dí ojú.

Ìyá_Ọlọ́gbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin méjèèjì. Èmi kò fara mọ́ rọ́bà fún ọparun tó ti dàgbà. Fún ẹni tó ń gbìn tuntun, ó dára. Fún èyí tó ti wà nílẹ̀ kí ẹ tó ra ilé, ẹ máa gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 77 yípo láàárín gbòǹgbò tó ti há ara wọn bí ẹní, gbogbo èyí tó bá sì wà níta rọ́bà, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ hú u. Yàrà tó ṣí sílẹ̀ rọrùn jù, òfin Fairfax sì gbà á. Ẹ gbẹ́ ẹ sí apá tó kọjú sí fẹ́ǹsì àti sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, íǹṣì 12 ní jíjìn, 8 sí 10 ní fífẹ̀. Ẹ má dí i. Ẹ lè da èèpo igi tó fúyẹ́ sínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà já sí i. Láti oṣù keje sí ìkọkànlá, lóṣooṣù, ẹ rìn yí i ká. Ṣóńṣó gbòǹgbò tó bá ń nà kọjá yàrà á hàn sí yín. Ẹ fi ṣọ́bìrì ẹlẹ́nu mímú gé e ní apá inú, kí ẹ fa èyí tó ti wọ apá òde yọ. Ẹni tí kò bá ní ráyè rìn ín lóṣooṣù ni kó lọ ra rọ́bà.

Ní ti èyí tó ti dé ọ̀dọ̀ bàbá yẹn, ẹ̀yin ni kí ẹ gbé e kúrò. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ gé okùn tó so ó pọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀, ìyẹn gbòǹgbò abẹ́ ilẹ̀, ní ààlà. Bí kò bá tíì já, ìyá náà á máa fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i, ẹ ó máa gé, yóò máa yọ. Lẹ́yìn tó bá já, ẹ bomi rin ilẹ̀ náà dáadáa ní ọjọ́ kejì sí i, kí yẹ̀pẹ̀ rọ̀, kí ẹ wá fi díígà fà á láti orí kan dé ìkejì. Ẹ fà á, ẹ má ké e wẹ́wẹ́ sínú ilẹ̀. Ègé tó ní oríkèé méjì tàbí mẹ́ta, tí ojú sì wà lára rẹ̀, lè tún hù.

Igi òkè ńkọ́? Ẹ fi ayùn gé e pẹrẹsẹ, kí ó bá ilẹ̀ dọ́gba. Ẹ má fi àdá sán an ní ìdagẹ̀rẹ̀. Kùkùté ọparun tó dagẹ̀rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ, ó ń gún bàtà, ó ń lu táyà ẹ̀rọ ìgékoríko.

Bí ẹ kò bá fẹ́ oògùn rárá, ẹ lè fi ebi pa á. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tuntun ga tán ní oṣù karùn-ún, kí ewé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣí, ẹ wá gé gbogbo rẹ̀ lójọ́ kan. Ìgbà yẹn ló ti ná gbogbo oúnjẹ tó kó pamọ́ sí gbòǹgbò, tí kò sì tíì rí òmíràn kó. Ohun tó bá tún yọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gé e kó tó ní ewé. Ọdún 2 sí 3 ni, ẹ má sì fo ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún. Ẹni tó bá lọ sí Nàìjíríà fún oṣù méjì lásìkò yẹn ti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Oògùn. Glyphosate ni. Kò wúlò kí ẹ fín in sára igi, ẹ kò sì lè dé ewé tó wà lókè ẹsẹ̀ bàtà 20. Ẹ gé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó tún hù dé ẹsẹ̀ bàtà 3 kí ewé rẹ̀ sì là, ẹ wá fín in ní oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án, nígbà tí ewé ń kó oúnjẹ lọ sí gbòǹgbò. Oògùn á bá a lọ. Èyí tó jẹ́ ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún ni kí ẹ rà, kí ẹ pò ó ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn áúńsì 6.4 sínú gálọ́ọ̀nù omi kan. Èyí tí wọ́n ti pò tán nínú ìgò kékeré kò lágbára tó. Ohun tó wà lára lébẹ̀lì ló borí gbogbo ohun tí mo kọ, torí òfin ni lébẹ̀lì jẹ́. Kí òjò má rọ̀ fún wákàtí 6, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3 kí ẹ tó gé nǹkan kan. Ẹ máa tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ yẹra fún èyí tó ní imazapyr. Ó ń pa ọparun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbé inú ilẹ̀, gbòǹgbò igi oak aládùúgbò á mu ún, igi náà á kú, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Iyọ̀ àti dísẹ́ẹ̀lì, ẹ má dán an wò.

Ní apá ọ̀tún yín, ẹ má fín oògùn kankan kí ẹ tó gé okùn rẹ̀ ní ààlà. Gbòǹgbò kan náà ló wà lọ́dọ̀ yín àti lọ́dọ̀ wọn. Oògùn tí ẹ bá fín níhìn-ín lè pa tiwọn lọ́hùn-ún.

Gbòǹgbò tí ẹ bá hú, ẹ sá a sórí tapólì tàbí sórí kọ́ńkéré títí yóò fi gbẹ kanrin-kanrin. Ẹ má gbé e sọ sínú igbó ẹ̀yìn ilé. Ẹ bi àwọn tí ń kó ìdọ̀tí yín bí wọ́n bá ń gba ọparun pẹ̀lú koríko. Ẹ má di í sínú àpò ọ̀rá. Fairfax kò gba àpò ọ̀rá fún ìdọ̀tí ọgbà.

Àbúrò_Hartford

Fún àwọn tó ń kà á láti Connecticut: tiwa kò jọ ti Virginia rárá, òfin ìpínlẹ̀ ni, gbogbo ìlú ló kàn. Abala 22a-381e, láti oṣù kẹwàá 2013. Phyllostachys ni wọ́n dárúkọ. A kò gbọ́dọ̀ gbìn ín sí ibi tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 40 sí ilẹ̀ ẹlòmíràn tàbí sí títì, àfi bí ó bá wà nínú ìdènà tó péye tàbí nínú ìkòkò tí kò kan ilẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 100 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ, wọ́n sọ ọ́ di 40 ní 2014, nítorí náà ìwé àtijọ́ tí ẹ bá rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lè ṣì yín lọ́nà. Dọ́là 100 ni ìtanràn, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sì ni ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó gbìn ín tàbí tó jẹ́ kí wọ́n gbìn ín sórí ilẹ̀ rẹ̀ ló máa san ohun tó bá bàjẹ́, tó fi mọ́ iye tí ilé aládùúgbò fi dínkù. Ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní ìwé tó sọ pé ó ń sá.

New York le jù. P. aurea àti P. aureosulcata wà lórí àwọn ohun tí ìpínlẹ̀ kà léèwọ̀ (Part 575): títà, rírà, gbígbé kiri, gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fún ọ̀rẹ́ ní gbòǹgbò díẹ̀ láti Virginia kó lọ gbìn ní Brooklyn, kó jáwọ́. Àwọn táóònù Long Island bíi Huntington àti Smithtown tún ní tiwọn lórí ti ìpínlẹ̀.

Peckham_Olódòdó

London ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n kan bi mí lẹ́ẹ̀kan, mo ní kí n kọ ọ́ síbí. Ọparun kò sí nínú Schedule 9 tó wà nínú òfin 1981 tó kan ohun ọ̀gbìn àjèjì, nítorí náà kò sí ẹni tó lè mú yín torí pé ẹ gbìn ín. Bó bá kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò tó sì bà á nílé jẹ́, ó lè gbé yín lọ sí kóòtù fún ìyọlẹ́nu. Káńsù náà lè lo òfin 2014 tí wọ́n fi ń dá ìwà tó ń ni ará àdúgbò lára dúró láti kọ ìwé pé kí ẹ ká a lọ́wọ́ kò. Ẹni tó bá kọ̀, tí kóòtù sì dá a lẹ́bi, lè san tó £2,500. Bí ẹ bá ń ra ilé, ẹ má retí pé ìbéèrè nípa Japanese knotweed (ohun ọ̀gbìn àjèjì mìíràn tí ń ràn kiri) inú TA6, fọ́ọ̀mù tí ẹni tó ń ta ilé ń kọ, máa gbé ọ̀rọ̀ ọparun jáde. Ẹ ní kí lọ́yà yín bi wọ́n lọ́tọ̀, ní kíkọ sílẹ̀.

Onílé_Annandale

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ó jọ pé yàrà ni a máa lò. Ìbéèrè kékeré kan: ṣé a lè gbẹ́ ẹ sí apá fẹ́ǹsì nìkan, kí a fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀? Ṣé a sì nílò ìwé àṣẹ kántì kí a tó gbẹ́ ilẹ̀?

Ìyá_Ọlọ́gbà

Bí ẹ bá gbẹ́ ojú kan, yóò yí orí rẹ̀ ká. Ẹ yí i sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí yóò fi kọjá ibi tí ọparun parí ní ẹsẹ̀ bàtà 5 ó kéré tán. Apá tó kọjú sí ilé yín ni ẹ lè fi sílẹ̀, bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ gé koríko ibẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ tó bá yọ síbẹ̀ á bá koríko lọ. Bí ìpìlẹ̀ ilé tàbí dẹ́ẹ̀kì bá wà nítòsí, ẹ gbẹ́ tibẹ̀ náà.

Lọ́yà_Ààlà

Ìwé àṣẹ: ní Fairfax, ilẹ̀ tí ẹ bá máa dà rú bí kò bá ju ẹsẹ̀ bàtà 2,500 níbùú lóròó lọ, ẹ kò nílò rẹ̀. Gbogbo ọparun yín kò ju 300 lọ. Àfi bí odò tàbí ìṣàn omi bá wà lẹ́yìn ilé. Ilẹ̀ etí omi tí kántì ń dáàbò bò, Resource Protection Area, ní òfin tirẹ̀, kódà fún gígé ohun ọ̀gbìn. Ẹ wo máàpù kántì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àdírẹ́sì yín kí ẹ tó pe oníkatakata. Bí ẹ bá sì máa fín oògùn nítòsí omi, kì í ṣe glyphosate gbogbo ni wọ́n gbà fún un. Èyí tí lébẹ̀lì rẹ̀ dárúkọ omi nìkan ni.

Lẹ́tà sí bàbá yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Oṣù kẹjọ kò jìnnà mọ́.